Ẹ̀dá-Ìtàn, Òṣèré àti Òwò Sinimá: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Hattie McDaniel ní Hollywood

1.0 Ìfáàrà

Ìṣòro kan wà tí ó máa ń dojú kọ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi ojú lámèyítọ́ wo àwọn sinimá àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni iṣẹ́ ọnà inú rẹ̀ gún régé, ṣùgbọ́n tí èrò tí wọ́n gbé kalẹ̀ nípa ọmọ ènìyàn kò ṣeé gbà wọlé. Àwọn kan ní kí a gbójú fo èrò náà, kí a gbádùn eré bí ó ti wà. Àwọn mìíràn ní kí a pa irú eré bẹ́ẹ̀ tì pátápátá. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nínú bébà yìí ni pé ọ̀nà kẹta wà. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó máa ń pàdé pọ̀ nígbàkígbà tí òǹwòran bá rí òṣèré lójú sinimá: ẹ̀dá-ìtàn tí òǹkọ̀wé dá, òṣèré tí ó gbé ẹ̀dá-ìtàn náà wọ̀, àti òwò tí ó pinnu irú ipa tí òṣèré náà lè rí gbà. Àwọn àgbà ní ẹ̀là ni ọ̀rọ̀, bí a kò bá là á, kì í yéni. Bí a kò bá la mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí sọ́tọ̀, a lè yin ohun tí ó yẹ kí a bẹnu àtẹ́ lù, a sì lè bu ẹni tí ìyìn tọ́ sí.

Hattie McDaniel, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Oscar, ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìdí méjì ni a fi yàn án. Èkíní, iṣẹ́ rẹ̀ kan sinimá, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Èkejì, láti ìgbà ayé rẹ̀ ni ẹnu àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà fúnra wọn kò ti kò lórí rẹ̀.

2.0 Ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ ní ṣókí

Ìlú Wichita ní ìpínlẹ̀ Kansas ni a ti bí Hattie McDaniel ní ọdún 1893. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ 13. Ẹrú ni àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ kí òmìnira tó dé. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ-ogun aláwọ̀ dúdú tí ó jà fún ìjọba àpapọ̀ nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ Amẹ́ríkà láàrin ọdún 1861 sí 1865. Ìlú Denver ní ìpínlẹ̀ Colorado ni Hattie gbé dàgbà. Níbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ eré ṣíṣe pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ eléré alárìnkiri. Láàrin ọdún 1926 sí 1929, ó kọ orin blues sínú àwo rékọ́ọ̀dù.

Nígbà tí ètò ọrọ̀-ajé dẹnu kọlẹ̀ ní ọdún 1929, iṣẹ́ eré dáwọ́ dúró. Ìlú Milwaukee ni Hattie wà nígbà náà, iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ìyàgbẹ́ àwọn obìnrin ní ilé-ijó kan ni ó sì rí ṣe, kí wọ́n tó gbà á láyè láti kọrin níbẹ̀. Ní ọdún 1931, ó kó lọ sí Los Angeles. Ó rí ètò ṣe lórí rédíò, ṣùgbọ́n owó ibẹ̀ kò tó jẹun, nítorí náà ó ń ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ mọ́ ọn. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn. Obìnrin tí àwọn òǹwòran mọ̀ sí ọmọ-ọ̀dọ̀ inú sinimá ti ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ lójú ayé rí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé ó ti ẹnu rẹ̀ jáde, pé ó tẹ́ òun lọ́rùn láti ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ nínú eré kí òun gba owó gọbọi, ju kí òun ṣe é nínú ilé onílé kí òun gba owó tí kò tó nǹkan.

3.0 Òwò sinimá àti ààlà tí ó pa

Ní àwọn ọdún 1930, ìwọ̀nba ilé-iṣẹ́ ńláńlá bíi MGM, Paramount, Warner Bros. àti RKO ni ó jọba lórí sinimá ṣíṣe ní Hollywood. Àwọn kan náà ni wọ́n ń ṣe eré, tí wọ́n ń pín in kiri, tí wọ́n sì ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwòran tí a ti ń fi í hàn. Wọ́n máa ń fi ìwé àdéhùn ọdún púpọ̀ de òṣèré mọ́lẹ̀, ilé-iṣẹ́ ni yóò sì sọ ipa tí yóò kó.

Lórí èyí, àwọn onísinimá ṣe òfin kan fún ara wọn ní ọdún 1930, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú un ní ọdún 1934. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí òfin náà kà léèwọ̀ ni ìfẹ́ láàrin òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú. Itumọ̀ èyí ni pé obìnrin aláwọ̀ dúdú kò lè jẹ́ olólùfẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn nínú eré tí olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ jẹ́ òyìnbó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù àwọn òǹwòran gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, ń ba àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, nítorí wọn kò fẹ́ kí owó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ohun tí ó kù fún òṣèrébìnrin dúdú ni ọmọ-ọ̀dọ̀, alásè àti alágbàtọ́ ọmọ. Nígbà tí lámèyítọ́ bá bèèrè pé kí ló dé tí Hattie McDaniel fi gba irú ipa bẹ́ẹ̀ léraléra, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bèèrè irú ipa mìíràn tí ó wà lórí àtẹ.

4.0 Ohun tí òṣèré fi ipa kékeré ṣe

4.1 Alice Adams

Nínú Alice Adams, tí George Stevens darí ní ọdún 1935, Katharine Hepburn ni ó kó ipa ọmọbìnrin tí ilé wọn kò rí jájẹ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ń ṣe bí ọmọ olówó. Wọ́n pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó lówó wá jẹun alẹ́, wọ́n sì háyà ọmọ-ọ̀dọ̀ kan, Malena, fún alẹ́ ọjọ́ náà nìkan. Hattie McDaniel ni Malena. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ṣingọ́ọ̀mù tí ó ń jẹ lẹ́nu, fìlà tí kò jókòó dáadáa lórí rẹ̀ àti bí ó ṣe ń wo àwọn tí ó gbà á síṣẹ́, ni ó fi sọ ohun tí kò sí ẹni tí ó lè sọ ọ́ nídìí tábìlì náà: pé irọ́ ni gbogbo ìṣefínfín yìí. Ìwé eré fẹ́ kí a fi ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ́rìn-ín. Òṣèré sọ ọ́ di pé àwọn ọ̀gá gan-an ni a ń fi rẹ́rìn-ín.

4.2 Gone with the Wind

Ìwé ìtàn-àròsọ tí Margaret Mitchell tẹ̀ jáde ní ọdún 1936 ni wọ́n sọ di eré yìí ní ọdún 1939. David O. Selznick ni agbátẹrù rẹ̀, Victor Fleming ni orúkọ rẹ̀ sì jáde gẹ́gẹ́ bí olùdarí. Ẹ̀dá-ìtàn tí Hattie McDaniel gbé wọ̀ kò ní orúkọ ti ara rẹ̀. Mammy, èyíinì ni ìyá alágbàtọ́, ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Kò ní ọkọ, kò ní ọmọ, kò sì ní ìlú. Òmìnira dé, kò kúrò lọ́dọ̀ àwọn tí ó fi í ṣẹrú, eré náà kò sì rí i bí ohun tí ó gba àlàyé. Àlébù ńlá ni èyí nínú ìfìwàwẹ̀dá, nítorí ó ń sọ fún òǹwòran pé oko ẹrú tẹ́ ẹrú lọ́rùn. Àwọn ìwé-ìròyìn aláwọ̀ dúdú ti ké gbàjarè kí iṣẹ́ tó parí, èyí sì wà lára ohun tí ó mú kí Selznick yọ ọ̀rọ̀ èébú tí wọ́n fi ń pe aláwọ̀ dúdú kúrò nínú eré náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo iṣẹ́ òṣèré lọ́tọ̀. Lẹ́yìn tí ẹṣin ti dá ọmọ Rhett àti Scarlett nù tí ó sì kú, Melanie, tí Olivia de Havilland ṣe, wá kí wọn nílé. Mammy pàdé rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Bí wọ́n ṣe ń gùn ún ni Mammy ń ròyìn fún un: bí Rhett ti yìnbọn pa ẹṣin náà, bí tọkọtaya ṣe ń di ẹ̀bi ru ara wọn, àti bí bàbá ṣe kọ̀ kí wọ́n sin ọmọ nítorí pé ọmọ náà máa ń bẹ̀rù òkùnkùn. A kò fi ojú wa rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó ń ròyìn. Ẹnu rẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ. Òun ni ó di apààlọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ yìí. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, èémí rẹ̀ ń gé nítorí àtẹ̀gùn àti nítorí ẹkún, síbẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a gbọ́ ketekete. Nínú eré tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba wákàtí mẹ́rin, tí wọ́n náwó gọbọi lé lórí, tí àwọ̀ oríṣiríṣi inú rẹ̀ ń dán yinrin, ẹ̀dá-ìtàn tí kò lórúkọ ni wọ́n gbé ìbànújẹ́ tí ó wúwo jù lọ lé lọ́wọ́. Ó sì gbé e dé orí òkè.

5.0 Ẹ̀bùn àti àbùkù

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1939, wọ́n kọ́kọ́ fi Gone with the Wind han gbogbo ayé ní ìlú Atlanta. Hattie McDaniel kò lè sí níbẹ̀, nítorí òfin ìyàsọ́tọ̀ ìpínlẹ̀ Georgia. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 1940, wọ́n ṣe àjọ̀dún Oscar ní òtẹ́ẹ̀lì Ambassador ní Los Angeles. Òtẹ́ẹ̀lì náà kì í gba aláwọ̀ dúdú wọlé. Selznick ni ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gba Hattie láyè, tábìlì kékeré kan tí ó jìnnà sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì fi í sí. Láti ibẹ̀ ni ó ti dìde lọ gba ẹ̀bùn òṣèrébìnrin tí ó dára jù lọ nínú ipa àtìlẹ́yìn. Olivia de Havilland tí wọ́n jọ gun àtẹ̀gùn wà lára àwọn tí ó borí. Ọdún 1991 ni obìnrin aláwọ̀ dúdú mìíràn, Whoopi Goldberg, tó gba Oscar.

6.0 Àríyànjiyàn lórí rẹ̀

Ẹ̀bùn yìí kò yí òwò náà padà. Ipa ọmọ-ọ̀dọ̀ ni wọ́n tún ń fún un. Ní ọdún 1942, Walter White, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ NAACP tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, wá sí Hollywood láti bá àwọn onísinimá sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n dá àwọn ẹ̀dá-ìtàn dúdú mìíràn. Òdodo ni ó bá wá, nítorí àwòrán tí gbogbo ayé ń wò kì í ṣe ọ̀ràn òṣèré nìkan. Ṣùgbọ́n inú àwọn òṣèré bíi Hattie McDaniel kò dùn, nítorí lójú tiwọn, wọ́n ń fi iṣẹ́ òòjọ́ wọn ṣe ẹ̀sùn. In This Our Life, tí John Huston darí ní ọdún 1942 kan náà, jẹ́ ẹ̀rí fún ìhà méjèèjì. Níbẹ̀, Hattie McDaniel ṣe ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ amòfin, tí òyìnbó purọ́ mọ́ pé ó fi ọkọ̀ pa ènìyàn. Ọmọ-ọ̀dọ̀ náà ni ó ṣì jẹ́, ṣùgbọ́n ó ní orúkọ, ó ní ọmọ, ó sì ní ẹ̀dùn ọkàn tirẹ̀. Bí ìwé eré ṣe yí padà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ òṣèré gbilẹ̀ sí i.

Irú ọ̀ràn yìí náà ni ti Beulah. Ọkùnrin òyìnbó ni ó kọ́kọ́ ń ṣe ohùn Beulah, ọmọ-ọ̀dọ̀ dúdú, lórí rédíò. Hattie McDaniel gba ipa náà ní ọdún 1947. Nígbà tí eré náà dé orí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 1950, Ethel Waters ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Hattie tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ṣe kí àìsàn tó dá a dúró, Louise Beavers sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn obìnrin mẹ́ta yìí kan náà ni wọ́n jọ dúró nílé ẹjọ́. Wọ́n ra ilé sí àdúgbò West Adams Heights ní Los Angeles, èyí tí wọ́n ń pè ní Sugar Hill, àwọn òyìnbó aládùúgbò kan sì pè wọ́n lẹ́jọ́ pé ìwé ilẹ̀ ibẹ̀ kò gba aláwọ̀ dúdú láyè. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1945, adájọ́ Thurmond Clarke da ẹjọ́ náà nù, ó ní òfin orílẹ̀-èdè fún wọn ní ẹ̀tọ́ kan náà bíi ti ẹnikẹ́ni. Ọdún 1948 ni ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà wá kéde pé kò sí ilé-ẹjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ fi agbára òfin ti irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí ó ń sọ pé obìnrin yìí àti ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà ní láti ṣàlàyé ẹjọ́ yìí. Mammy kì í kúrò nílé ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n Hattie McDaniel jà fún ilé tirẹ̀, ó sì borí.

7.0 Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Ó kú ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 1952. Itẹ́ òkú Hollywood ni ó fẹ́ kí wọ́n sin òun sí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò gba òkú aláwọ̀ dúdú nígbà náà. Rosedale ni wọ́n sin ín sí. Ó fi ẹ̀bùn Oscar rẹ̀ sílẹ̀ fún Yunifásítì Howard, ẹ̀bùn náà sì sọnù níbẹ̀. Ọdún 2023 ni wọ́n tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ HBO Max yọ Gone with the Wind kúrò nínú àwọn eré rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá a padà, wọ́n fi àlàyé onímọ̀ sinimá kan, Jacqueline Stewart, ṣáájú rẹ̀. Lójú wa, ohun tí ó tọ́ ni, nítorí bí wọ́n bá pa eré náà rẹ́, ẹ̀rí ìwà ìkà òwò náà yóò pa rẹ́, iṣẹ́ obìnrin yìí yóò sì bá a lọ.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Ní ìparí, ìbéèrè mẹ́ta ni a dá lábàá fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ rírì sinimá àtijọ́. Irú ènìyàn wo ni ìwé eré sọ pé ẹ̀dá-ìtàn yìí jẹ́? Kí ni òṣèré fi ojú, ohùn àti ìrìn rẹ̀ ṣe tí kò sí nínú ìwé eré? Ta ni ó ni owó àti òfin tí ó pa ààlà fún àwọn méjèèjì? Ìdáhùn sí ìbéèrè kan kò gbọ́dọ̀ dí ìdáhùn sí èkejì lójú. Ẹni tí ó bínú sí Mammy kò ṣìnà, ẹni tí ó bá òṣèré sunkún lórí àtẹ̀gùn kò sì ṣìnà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.