Ta Ni Ọ̀gá Oníbodè Ilé Wa?

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kì í ráyè wọ inú rẹ̀. Láyé àtijọ́, oníbodè a máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ìlú, a sì máa jíhìn fún ìlú. Ní ilé tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wọ̀ lónìí, ẹ̀rọ kékeré tí à ń pè ní ráútà ni oníbodè: ohun gbogbo tí ń ti òde bọ̀ sórí fóònù àti kọ̀ǹpútà wa, ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń gbà kọjá. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ onílé kò ní àṣẹ kankan lórí rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Jámánì ní oṣù kọkànlá ọdún 2016. Àwọn jàgùdà orí íntánẹ́ẹ̀tì fẹ́ fi ètò apanirun tí ń jẹ́ Mirai kó ráútà ẹlòmíràn lẹ́rú. Ẹnu ọ̀nà tí a fi sílẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ lè máa tún ẹ̀rọ ṣe láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n kàn. Wọn kò rí ráútà àwọn oníbàárà Deutsche Telekom kó, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì nǹkan bí 900,000 oníbàárà dákú. Onílé kò ṣí ilẹ̀kùn náà, kò sì mọ̀ pé ó wà.

Ọ̀nà àbáyọ kan ti wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2012, Eben Upton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé Raspberry Pi jáde: kọ̀ǹpútà tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ní dọ́là 35, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé lè fi kọ́ṣẹ́. Èyí tí ó jáde ní ọdún 2019, Raspberry Pi 4, lágbára tó láti ṣe oníbodè ilé. Ojú okùn íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ó ní. A ó fi ìkejì kún un láti ojú USB, kí ọ̀kan kọjú sí òde, kí ìkejì kọjú sí ilé. A ó sì fi ètò OpenWrt sí i, èyí tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ̀wé rẹ̀ lè yẹ̀ wò.

Iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀ o. Ẹni tí ó bá gbé e kalẹ̀ tí kò yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, tí kò sì máa gba àtúnṣe sí i lóòrèkóòrè, kò sàn ju ẹni tí ó ra ti ọjà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni èyí wà. Ẹ tú u palẹ̀ níwájú àwọn ọmọ, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ilẹ̀kùn tí ó ṣí àti èyí tí ó tì. Ọmọ tí ó bá mọ̀ bí a ti ń ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ kò ní jẹ́ kí àlejò fún òun ní kọ́kọ́rọ́.