Bí ojú bá ṣàdéédé wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan: ohun tó ń fẹ́ kánkán àti ohun tó ń fẹ́ sùúrù

Èèyàn á sùn láìsí wàhálà, ilẹ̀ á mọ́, á bu omi sẹ́nu láti fọ eyín, omi á sì máa ṣàn jáde ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bó bá wo dígí, á rí i pé ojú kan kò pa dé mọ́, ẹnu sì ti wọ́. Ní Mushin, Surulere tàbí Yaba l'Ékòó, kò ní pẹ́ tẹ́nì kan á fi sọ pé àwọn ayé ló gbá a létí lójú oorun. Ọjọ́ tó yẹ kó fi rí dókítà á wá bá àgbo àti ìpara gbígbóná lọ, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ wọ̀nyẹn ló ṣe pàtàkì jù.

Kí ló ń fà á?

Bell's palsy ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó ń fa irú èyí. Orúkọ Charles Bell, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Scotland tó ṣàlàyé iṣan ojú ní 1821, ni wọ́n fi pè é. Iṣan yìí ló ń gbé àṣẹ ọpọlọ wá sójú, inú ihò egungun tóóró kan lẹ́yìn etí ló sì ń gbà kọjá. Bó bá wú, kò sí àyè fún un níbẹ̀. Àṣẹ ọpọlọ ò ní kọjá mọ́, bí ìgbà téèyàn tẹ rọ́bà omi mọ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ fura sí fáírọ́ọ̀sì herpes simplex, èyí tó ń fa egbò létè. Nínú 100,000 èèyàn, bíi 15 sí 30 ló ń mú lọ́dún. Ewu rẹ̀ pọ̀ sí i fún aláàtọ̀gbẹ àti aboyún tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bí.

Ṣé kì í ṣe rọpárọsẹ̀?

Dókítà á ní kí aláìsàn hun iwájú orí rẹ̀ jọ. Nínú Bell's palsy, apá tó rọ ò ní hunjọ. Bó bá jẹ́ rọpárọsẹ̀, iwájú orí sábà máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ apá tàbí ẹsẹ̀ lè rọ, ọ̀rọ̀ sì lè máa lọ́ lẹ́nu. Bí iléròrò bá yọ nínú etí, ó lè jẹ́ àìsàn Ramsay Hunt, èyí tó mú olórin Justin Bieber ní 2022. Kí ẹnikẹ́ni má dá èyí yẹ̀ wò nílé: ọjọ́ náà gan-an ni kó lọ sílé ìwòsàn.

Wákàtí 72 àkọ́kọ́

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta ni prednisolone, oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀, ti wúlò jù. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2007 lórí 551 aláìsàn ní Scotland, ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lò ó ló ti yá pátápátá lóṣù kẹsàn-án. Ìdá 82 ni ti àwọn tí kò lò ó. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, pàápàá fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ojú tí kò pa dé sì lè gbẹ kó sì dégbò: ẹ máa kán oògùn omijé sí i lọ́sàn-án, kí ẹ fi téèpù ilé ìwòsàn pa á dé lóru.

Ibi tí sùúrù ti wọlé

Iṣan tó bá bàjẹ́ ń hù padà ní nǹkan bíi mìlímítà kan lójúmọ́. Nígbà míì, ó máa ń ṣìnà: ẹni náà á rẹ́rìn-ín, ojú á pa dé. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ físíò (physiotherapist) fi ń kìlọ̀ pé kéèyàn má máa fi agbára jẹ ṣingọ́ọ̀mù tàbí fẹ́ bàlúù. Iwájú dígí ni wọ́n ń gbé aláìsàn jókòó sí: á rọra gbé iwájú orí sókè, á fún imú jọ, á rẹ́rìn-ín díẹ̀ láìla ẹnu, ìka rẹ̀ á sì di apá tó dá ṣáṣá mú kó má baà fa èkejì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó, kó sì tún un ṣe lọ́jọ́ kan náà. Ní ti ẹ̀rọ iná tí wọ́n ń fi ta iṣan jí, àgbéyẹ̀wò ìwádìí tí àjọ Cochrane gbé jáde ní 2011 kò rí ẹ̀rí pé ó ń ṣèrànwọ́.

Ẹ̀ka físíò wà ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà, àti ní ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì, tó bẹ̀rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lo ti aládàáni, ẹ béèrè ìwé àṣẹ tí ìgbìmọ̀ tí òfin 1988 dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà ń fúnni.

Ọ̀pọ̀ ló ń rí àyípadà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí ojú ò mira rárá, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, nítorí ó lè jẹ́ ohun mìíràn ló ń tẹ iṣan náà, ìtọ́jú tirẹ̀ sì yàtọ̀.