Ọ̀fẹ́ àti Èènì: Iṣẹ́ Alámèyítọ́ Lórí Ètò Kọ̀ǹpútà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá wo dídùn ifọ̀n, a ó họra dé eegun. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọ̀fẹ́ mu púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ń kó ètò àti eré ọ̀fẹ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà ilé wọn láìbéèrè ohun tí ó wà nínú wọn. Ẹni tí ó yẹ kí ó bá wọn béèrè ni alámèyítọ́. Bí alámèyítọ́ ìwé ti ń ka ìwé kí àwọn ẹlòmíràn tó rà á, bẹ́ẹ̀ ni ti ètò kọ̀ǹpútà ń lo ètò kí àwọn ẹlòmíràn tó gbà á. Ìbéèrè tí ó gbọ́dọ̀ dáhùn ni pé: kí ni ọ̀fẹ́ yìí yóò ná ẹni tí ó bá gbà á?

Oríṣìí Ọ̀fẹ́ Mẹ́ta

Ọ̀fẹ́ kìíní dà bí gàrí tí ìyá ọlọ́jà bù sí oníbàárà lọ́wọ́ kí ó fi tọ́ ọ wò. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1982, Andrew Fluegelman ṣe ètò kan tí ó pè ní PC-Talk, èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń bá kọ̀ǹpútà mìíràn sọ̀rọ̀ lórí wáyà tẹlifóònù. Ó gba ẹnikẹ́ni láyè láti dà á kọ fún ọ̀rẹ́. Ó kàn bẹ ẹni tí ètò náà bá wúlò fún pé kí ó fi dọ́là 25 ránṣẹ́. Ní ọdún kan náà, Jim Knopf fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ pín ètò tirẹ̀, PC-File. Nígbà tí ó di oṣù kejìlá ọdún 1993, ilé-iṣẹ́ id Software gbé eré Doom jáde. Apá kan nínú mẹ́ta jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ apá méjì yòókù ni yóò sanwó.

Ọ̀fẹ́ kejì ni ètò tí a fi fún aráyé tòun ti àṣírí bí a ti ṣe é. Richard Stallman kéde iṣẹ́ GNU ní ọdún 1983, ó sì dá àjọ Free Software Foundation sílẹ̀ ní ọdún 1985. Lójú tirẹ̀, òmìnira ni kókó ọ̀rọ̀ náà: òmìnira láti lo ètò fún ohunkóhun, láti wo inú rẹ̀ kí a sì tún un ṣe, láti pín in, àti láti pín èyí tí a tún ṣe. Irú rẹ̀ ni GCompris, tí Bruno Coudoin bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 2000. Ó kún fún eré tí ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìṣirò, lẹ́tà àti ìrònú. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Àìgbowó kò sọ ètò di yẹpẹrẹ.

Ọ̀fẹ́ kẹta ni èyí tí owó rẹ̀ sá pamọ́ sẹ́yìn. Òmíràn ń fi ìpolówó ọjà kún ojú ẹ̀rọ. Òmíràn ń kó ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ń lò ó lọ fún àwọn oníṣòwò. Eré mìíràn yóò dùn ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó bá sì di àárín, yóò ní kí òṣèré sanwó kí ọ̀nà tó là.

Èènì Tí A Kò Béèrè

Nínú ọjà wa, ayọ̀ ni èènì jẹ́ fún oníbàárà. Lórí kọ̀ǹpútà, èènì lè di ìjàngbọ̀n. Ìdí ni pé nígbà tí ènìyàn bá ń gbé ètò kan kalẹ̀, àpótí kékeré kan lè wà lójú ẹ̀rọ tí a ti fi àmì sí ṣáájú, tí ó fi hàn pé ó gbà kí ètò mìíràn bá a wọlé. Ẹni tí ń kánjú kò ní rí i.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí GIMP, ètò ọ̀fẹ́ fún títún àwòrán ṣe, jẹ́ ẹ̀kọ́. Orí SourceForge ni wọ́n ti ń pín ẹ̀dà rẹ̀ fún Windows, kí àwọn tí ó ń ṣe é tó kúrò níbẹ̀ ní ọdún 2013 nítorí ìpolówó tí ń tan ènìyàn jẹ. Ní ọdún 2015, àṣírí tú pé SourceForge ṣì ń pín GIMP, ó sì ti fi ètò àwọn oníṣòwò mìíràn kún un. Ariwo ta. Nígbà tí ibẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ olówó tuntun ní ọdún 2016, wọ́n fòpin sí àṣà náà. Ètò náà dára. Ọwọ́ tí ó gbé e wá ni ó ní àbùkù. Nítorí náà, alámèyítọ́ tí ó bá yin ètò láìsọ ibi tí ó yẹ kí a ti gbà á kò tíì parí iṣẹ́.

Bí Ìyẹ̀wò Ti Yẹ Kó Rí

Alámèyítọ́ tòótọ́ yóò ka ìwé àdéhùn ètò. Yóò lò ó fún ọjọ́ mélòó kan, yóò sì ṣe eré kọjá ibi dídùn ìbẹ̀rẹ̀. Yóò sọ irú kọ̀ǹpútà tí ó fi dán an wò, àti bóyá ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí ọ̀fẹ́ tí ń jẹ dátà lójoojúmọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún ẹni tí ń ra dátà. Yóò kọ nọ́ńbà ẹ̀dà àti ọjọ́ tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ètò tí ó mọ́ lónìí lè yí padà lọ́la. Bí ó bá jẹ́ eré, yóò sọ ọjọ́ orí tí ó tọ́ sí: ìbọn àti ẹ̀jẹ̀ ni Doom, GCompris sì wà fún ọmọ ọdún méjì sí mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni ènìyàn fi rí méjèèjì.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, yóò jẹ́wọ́ ẹni tí ń sanwó fún un. Kò sí ẹlẹ́mu tí yóò pe ẹmu tirẹ̀ ní kíkan. Bí ẹni tí ń jèrè lára ètò bá ń yìn ín, ìpolówó ni ó ń ṣe.

Olùkọ́ tí ó gbé ètò kan sórí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé ti gbé e lé ọwọ́ gbogbo ọmọ tí ó wà ní kíláàsì náà. Ará iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Alámèyítọ́ ni ará iwájú. Ẹ̀rọ tirẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jìn.