Ọ̀pẹ̀ Òyìnbó Nínú Ọgbà Yín, àti Èèpo Rẹ̀ Nínú Ìgò

Nígbà tí ọ̀pẹ̀ òyìnbó bá pọ̀ lọ́jà, ìbéèrè méjì ló sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Àwọn kan fẹ́ mọ̀ bóyá orí tí wọ́n ń gé sọnù ṣe é gbìn. Àwọn ìyá ń béèrè bóyá àgbo èèpo rẹ̀, tí wọ́n fi omi ògì rẹ, ń wo táífọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣe é gbìn. Ti àgbo yẹn, rárá.

Orúkọ rẹ̀ ti sọ ìtàn rẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá; Columbus bá a ní erékùṣù Guadeloupe ní 1493, ọkọ̀ àwọn Potogí sì gbé e kiri ayé. A ń pè é ní ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹbí ọ̀pẹ rárá. Ìdílé bromeliad ló ti jáde, níbi tí ewéko ẹlẹ́gùn-ún tó ń fi ewé gba omi pọ̀ sí. Lọ́sàn-án tí oòrùn ń mú, ó máa ń pa ihò ara ewé rẹ̀ dé kí omi má bàa jáde. Òru ló ń ṣí wọn, tó ń fa afẹ́fẹ́ tó máa fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gbẹlẹ̀ kì í fi í tètè pa á.

Tí ẹ bá fẹ́ gbìn ín, ẹ lọ́ adé orí rẹ̀ kúrò dípò kí ẹ fi ọ̀bẹ gé e, nítorí èso tó bá ṣẹ́kù sí ìdí adé ló ń jẹrà nínú ilẹ̀. Ẹ já àwọn ewé kéékèèké ìsàlẹ̀ kúrò. Ẹ lè rí gbòǹgbò tín-tìn-tín tó ti ń yọ níbẹ̀. Ẹ wá fi í síbi òjìji fún ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ. Àwọn tó ń kánjú ni tiwọn máa ń rà. Ilẹ̀ oníyanrìn ló fẹ́, pẹ̀lú ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa àti oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́. Ike ọ̀dà lítà 20 tí ẹ lu nídìí tó fún ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ ilẹ̀, ẹ fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 sáàárín ọ̀kan sí èkejì, kí ẹ má sì jẹ́ kí erùpẹ̀ wọ inú àárín ewé. Ẹ má gbìn ín síbi tí omi àlùwàlá ń ṣàn sí, bó ti wù kó dà bíi pé omi yẹn kò ní ṣòfò: ilẹ̀ tó ń rin gbingbin ló ń pa á.

Ẹ ní sùúrù o. Adé máa ń gba nǹkan bí oṣù 18 sí 24 kó tó so. Ọmọ tó hù nídìí ìyá rẹ̀ máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọdé bá ń sáré kiri nínú ọgbà, ẹ wá èyí tí wọ́n ń pè ní Smooth Cayenne, ẹ̀gún rẹ̀ kò pọ̀. Ti Queen ní ẹ̀gún létí ewé láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ṣe déédéé ojú ọmọ kékeré.

Omi tó ń dúró sáàárín ewé náà ń fẹ́ àmójútó. Ẹ̀fọn Aedes, tó ń gbé ibà pọ́njú kiri, lè yé ẹyin síbẹ̀. Ọ̀kan tó ń gbé ibà yìí ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà tiẹ̀ ń jẹ́ Aedes bromeliae, nítorí irú ewéko yìí. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹ dá ike náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí omi náà dà nù, tàbí kí ẹ fi omi mìíràn ṣàn án jáde. Ẹ má sì jẹ́ kí àjẹsára ibà pọ́njú fo ọmọ yín nígbà tó bá pé oṣù mẹ́sàn-án.

Ẹ jẹ́ kó pọ́n lórí igi. Bí ẹ bá ti gé e, àwọ̀ rẹ̀ lè yí padà, ṣùgbọ́n kò ní dùn ju bó ṣe wà lọ. Kábáàdì, tí NAFDAC ti kìlọ̀ nípa fífi mú èso pọ́n, kò lè fi ṣúgà kún un.

Ó ku àgbo. Èèpo náà ní ṣúgà, ìwúkàrà sì ti wà lára rẹ̀ látoko. Tí ẹ bá rẹ ẹ́ sínú ìgò, tí ẹ dé e, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ìfóòfó yẹn àti ariwo tó ń ṣe nígbà tí ẹ bá ṣí ìdérí, ṣúgà tó ń di ọtí ni. Ọ̀nà yìí gan-an ni wọ́n fi ń ṣe ohun mímu tí wọ́n ń pè ní tepache ní Mẹ́síkò. Ó wà nínú Sahih Muslim pé wọ́n máa ń rẹ èso àjàrà gbígbẹ fún Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), àti pé kì í mu ún kọjá ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta. Ẹ má fi ọjọ́ mẹ́ta yẹn ṣe òdiwọ̀n nínú ooru tiwa. Ohun tó bá ti ń hó ti yí padà. Ìdájọ́ tó kù, mo fi sílẹ̀ fún àwọn ààfáà wa.

Ohun tí mo lè sọ láti ibi iṣẹ́ tèmi ni pé àgbo yìí kì í pa kòkòrò táífọ́ọ̀dù. Bí ẹ ti ń fi í dúró, kòkòrò náà lè lu ìfun ọmọ. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà. Ibà ẹ̀fọn ló tiẹ̀ lè jẹ́. Bí dókítà bá kọ oògùn, ẹ lò ó tán.

Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó máa jẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó púpọ̀. Onítọ̀ọ̀gbẹ lè jẹ ẹ̀bẹ́ kan tàbí méjì, kì í ṣe odidi, kì í sì í ṣe omi rẹ̀ nínú ife. Tó bá ń ta yín láhọ́n, èròjà bromelain tó ń yọ́ ẹran ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ díẹ̀ nínú omi tí ẹ fi fọ̀ ọ́ lè dín in kù. Èèpo tó ṣẹ́kù, ẹ bò ó mọ́ ilẹ̀dú kí eṣinṣin má bàa bà lé e.