Oko kọfí àti ìgbì òkun: ohun tó yẹ kí a mọ̀ kí a tó gbéra láti Ìgbàyè

Bí ọdún Ìtùnú tàbí ọdún Iléyá bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa láti Ìgbàyè, Òkukù, Ìnísà àti Ìkìrun a máa kó ara wọn jọ lọ sí etíkun Èkó láti lọ ṣe fàájì. Bí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun bá sì wálé, wọ́n a máa béèrè pé kí ni àlejò lè lọ wò ní agbègbè wa. Wọ́n ti rí i lórí fóònù bí àwọn arìnrìn-àjò ṣe ń wo oko kọfí láàárọ̀, tí wọ́n sì ń gun ìgbì òkun lórí pátákó nírọ̀lẹ́, ní Hawaii, ní Costa Rica àti ní erékùṣù Bali. Ìbéèrè tó wá délẹ̀ ni pé, ṣé irú rẹ̀ wà nítòsí wa? Bí ó bá wà, kí ni ewu rẹ̀, ta ni ó sì ń jẹ èrè rẹ̀? A fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀mí àwọn ọmọ wa, ó sì kan ilẹ̀ tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa.

Kọfí kì í ṣe àjèjì sí Mùsùlùmí

Inú igbó ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ethiopia ni igi kọfí ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yemen ni ìtàn fi hàn pé wọ́n sọ ọ́ di ohun mímu tí ayé mọ̀. Ní nǹkan bíi 1400 sí 1500, àwọn Súfì ibẹ̀ ń mu ún kí oorun má baà gbé wọn lọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe síkírì lóru. Èbúté Mukha ní Yemen ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó o lọ sí ibòmíràn, ìdí nìyẹn tí orúkọ Mocha fi wà lára páálí kọfí títí dòní. Qahwa ni Lárúbáwá ń pè é, àwọn Tọ́kì sọ ọ́ di kahve, àwọn òyìnbó gbà á lọ́wọ́ wọn, àwa náà wá ń pè é ní kọfí.

Kì í ṣe pé gbogbo ènìyàn gbà á wọlé lọ́jọ́ kan náà. Ní 1511, Khair Beg tó jẹ́ aláṣẹ ní Mẹ́kà pe àwọn onímọ̀ jọ, ó sì ka kọfí léèwọ̀, wọ́n ní ó ń ṣe bí ohun tí ń pani. Àṣẹ náà kò pẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Sultan ní Cairo, wọ́n yí i padà, kọfí sì tàn kálẹ̀.

Ní Sẹ̀nẹ̀gàl tó wà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí, kọfí Touba ni gbogbo ènìyàn ń mu ní ìgboro. Orúkọ ìlú Touba, ìlú Sheikh Ahmadou Bamba tó dá ẹgbẹ́ Murid sílẹ̀, ni wọ́n fi pè é. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé wọ́n máa ń lọ ẹ̀ẹ́rù mọ́ ọn, ẹ̀ẹ́rù kan náà tí àwọn ìyá wa ń fi sínú àgbo àti ọbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl kì í gbin kọfí rárá. Ilẹ̀ mìíràn, pàápàá Côte d'Ivoire, ni ó ti ń wọlé fún wọn.

Kí ni àlejò ń rí nínú oko kọfí?

Oríṣi kọfí méjì ló gbajúmọ̀. Àkọ́kọ́ ni arabica, tó fẹ́ ilẹ̀ gíga tí òtútù wà. Ìkejì ni robusta, tó lè gba ooru ilẹ̀ pẹrẹsẹ bíi tiwa. Ìdí nìyí tí arabica ilẹ̀ wa fi wà lórí òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba, tí robusta sì wà ní ìhà Kabba ní Ìpínlẹ̀ Kogí àti láwọn apá kan ní Kwara, Èkìtì àti Oǹdó.

Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀, igi kọfí á tanná funfun báláú, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo oko. Òdòdó náà kì í ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí yóò fi rẹ̀. Èso robusta á wá lo nǹkan bí oṣù 10 lórí igi kí ó tó pọ́n. Nítorí náà, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìkórè máa ń pọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa. Àlejò tó bá lọ nínú oṣù kẹfà, ewé àti èso tútù ni yóò bá.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kòkó yóò tètè rí ìyàtọ̀. Kòkó, gbogbo odindi rẹ̀ ni a ń já, tí a ó sì là. Kọfí, èso wẹ́wẹ́ ni, èyí tó pọ́n nìkan ni a sì gbọ́dọ̀ mú lára ẹ̀ka, kí a fi èyí tó tutù sílẹ̀. Inú èso kan, hóró méjì ló máa ń dojú kọ ara wọn. Wọ́n á sá a sóòrùn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin títí yóò fi máa dún bí a bá mì í, wọ́n á gún èèpo rẹ̀ kúrò, wọ́n á sì yan án. Èso tútù tó tó kílò 5 sí 6 ni yóò di kílò kan hóró gbígbẹ. Àlejò tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ já a fún wákàtí kan péré yóò mọ ìdí tí àgbẹ̀ kò fi yẹ kó gba owó kékeré.

Ṣùgbọ́n owó kékeré gan-an ló lé àwọn àgbẹ̀ kúrò nídìí kọfí. Ìjọba fòpin sí àwọn bọ́ọ̀dù tí ń ra irè oko ní 1986. Ní 1989, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń dá iye kọfí tí wọ́n ń tà dúró túká, iye owó sì já wálẹ̀ kíákíá káàkiri àgbáyé. Ẹni tó ní oko kọfí nígbà náà fi í sílẹ̀ fún igbó, ẹlòmíràn gé e, ó gbin nǹkan mìíràn.

Níbo la ti lè rí i?

Èyí tó sún mọ́ wa jù láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti orílẹ̀-èdè yìí, CRIN, ní Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn. Láti 1964 ni ó ti wà. Bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ti kòkó, iṣẹ́ rẹ̀ kan kọfí, obì, kaṣú àti tíì. Ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó bá fẹ́ lọ, kí wọ́n kọ lẹ́tà ṣáájú. Ẹni tí ara rẹ̀ gba ìrìn jíjìn lè lọ sí Kpalimé ní Togo, ìlú olókè tí kọfí àti kòkó jọ wà, tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ sì ń mú àlejò yíká oko. Bí ẹ bá ti ń lọ, ẹ bọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ ṣàdéhùn owó kí ẹ tó wọ oko, ẹ má sì wọ oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn sí.

Òkun àti àwọn tí ń gun ìgbì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Hawaii nìkan ni gígun ìgbì ti wá. Òótọ́ ni pé àwọn ni wọ́n sọ ọ́ di eré tí ayé mọ̀, ó sì wọ ìdíje Olympic ní Tokyo ní 2021. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1640, ará Jámánì kan, Michael Hemmersam, ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwọn òbí ní etíkun Ghana òní ṣe ń so ọmọ wọn mọ́ pátákó láti kọ́ wọn ní omi lílúwẹ̀ẹ́. Àwọn mìíràn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ rí àwọn ọmọdé tí wọ́n fi àyà lé pátákó tí ìgbì ń gbé wọn bọ̀ sí èbúté. Baba wọn tí ń fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n la ìgbì kọjá láti lọ pẹja kò yàtọ̀ sí wọn. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà sì gbé fíìmù The Endless Summer jáde ní 1966, Dakar, Accra àti Èkó wà lára ibi tí wọ́n gun ìgbì dé.

Ní Èkó lónìí, Tarkwa Bay ni ibi tí àwọn ọmọ tí ń gun ìgbì pọ̀ sí jù. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀. Ògiri òkúta tí wọ́n kọ́ sínú òkun láti dáàbò bo ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó ló mú kí omi apá kan rọ̀, tí ìgbì apá kejì sì ń tò wá létòlétò. Ní Sẹ̀nẹ̀gàl, N'Gor lẹ́bàá Dakar ló lókìkí. Ibẹ̀ ni Khadjou Sambe ti wá, ọmọbìnrin Sẹ̀nẹ̀gàl àkọ́kọ́ tó sọ gígun ìgbì di iṣẹ́. Ní Ghana, Busua ni.

Ìgbì ńlá tó ń dé etíkun wa, ìjì tó wà lọ́nà jíjìn ní gúúsù òkun Àtìláńtíìkì ló ń tì í bọ̀, ó sì máa ń le jù láti nǹkan bí oṣù kárùn-ún sí oṣù kẹsàn-án. Ẹ kíyè sí i pé èyí kò bá àkókò ìkórè kọfí mu. Ẹni tó bá fẹ́ wo méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, yóò pàdánù ọ̀kan. Nígbà ọyẹ́, tí kọfí pọ́n, omi òkun máa ń rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n rírọ̀ yẹn kò túmọ̀ sí pé kò léwu.

Ohun tí ń gbé ènìyàn lọ

Ìhín ni a fẹ́ kí gbogbo òbí àti ọ̀dọ́ ti kà á dáadáa. Ọmọ tó mọ odò Ọ̀tìn lúwẹ̀ẹ́ kò tíì mọ òkun. Omi tí ìgbì bá gbé wá sí etí òkun gbọ́dọ̀ padà. Nígbà mìíràn, ó máa ń gba ojú ọ̀nà tóóró kan padà pẹ̀lú agbára, ó sì ń fa ẹni tó bá wà níbẹ̀ lọ sí àárín agbami. Ohun tó ń tan ènìyàn ni pé ojú ibẹ̀ máa ń dákẹ́, ó máa ń dúdú díẹ̀, ìgbì kì í sì í fọ́ níbẹ̀ bíi ti apá ọ̀tún àti òsì. Ọmọ tó ń bẹ̀rù ìgbì yóò rò pé ibẹ̀ ló dára jù láti wẹ̀.

Bí ó bá mú ènìyàn, kì í fà á lọ sí ìsàlẹ̀, iwájú ni ó ń gbé e lọ. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ ni pé wọ́n á kọjú sí èbúté, wọ́n á máa bá omi jà títí agbára wọn yóò fi tán. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Fi ara balẹ̀, léfòó, na ọwọ́ sókè kí wọ́n lè rí ọ. Bí o bá mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, kọjú sí ẹ̀gbẹ́, kí o máa lọ ní ìbú etíkun títí o ó fi kúrò lójú ọ̀nà tóóró náà, kí o tó yà sí èbúté. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kàn bẹ́ sómi láti gbà á. Kí ó ju ohun tó lè léfòó sí i, kódà jálá òfìfo tí a dé lẹ́nu ni, kí ó sì pariwo pe àwọn ará etíkun. A ti gbọ́ níbi púpọ̀ pé ẹni kan ló kọ́kọ́ kó sómi, òkú méjì ni wọ́n gbé jáde.

Ẹni tó bá lọ sí Tarkwa Bay, kí ó bọ ẹ̀wù ìléfòó nínú ọkọ̀, kí ó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Arìnrìn-àjò ní ìrọ̀rùn nínú ìrun, ẹ bi àáfà yín léèrè kí ẹ tó gbéra, kí ìkánjú ìrun má sì mú yín wọ ọkọ̀ tó ti kún jù.

Ta ni ó ń jẹ èrè?

Ní oṣù kìíní 2020, àwọn ológun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò nílé wọn ní Tarkwa Bay, wọ́n sì wó ilé. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn kan ń fọ́ ọ̀pá epo ládùúgbò náà. Àwọn tó ń ta oúnjẹ, àwọn tó ń fi pátákó háyà àti àwọn ọmọ tí ń gun ìgbì pàdánù ilé lọ́jọ́ kan. Àlejò ń wá síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán ibẹ̀ kárí ayé, síbẹ̀ òkìkí kò di ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún wa tí a kò ní òkun.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Agbègbè Odò-Ọ̀tìn kò ní ìgbì, ṣùgbọ́n ó ní oko kòkó, ó ní obì, ó sì ní ibi tí àwọn ìyá wa ti ń ṣe epo pupa. Gbogbo ohun tí àlejò ń sanwó láti wò ní Kpalimé ni irú rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Bí àwọn ọ̀dọ́ Ìgbàyè bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kò ní kí ẹnikẹ́ni ta ilẹ̀ ẹbí. Kí wọ́n wá àgbẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fẹ́ gba àlejò nígbà ìkórè kòkó. Kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀ lójú baálé ẹbí: iye tí àlejò yóò san, èyí tí àgbẹ̀ yóò mú, èyí tí ẹni tó mú wọn yíká yóò gbà, àti èyí tí yóò lọ fún àwọn obìnrin tó se oúnjẹ. Bí oníṣòwò kan bá sì wá pé òun fẹ́ gba gbogbo oko náà fún ìgbafẹ́, kí wọ́n yá a fún un fún iye ọdún tí a mọ̀, pẹ̀lú ìwé àti agbẹjọ́rò, kí orúkọ ẹbí má sì kúrò lórí ilẹ̀. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ẹ̀yin òbí, kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín, ẹ ka apá tó sọ̀rọ̀ nípa omi òkun yìí fún wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ń dáwó ọkọ̀ jọ, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nínú yín tó mọ omi dúró sí èbúté bí àwọn yòókù bá ń wẹ̀. Kí Ọlọ́hun mú wa lọ láyọ̀, kí ó sì mú wa bọ̀ láyọ̀.