Owó Ìtọ́jú Ọmọ Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ń Gba Ìrànlọ́wọ́ Ìjọba ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ sọ èyí fún àwọn ará yín tó wà ní Amẹ́ríkà. Lábẹ́ òfin 1996, òbí tó ń gba owó ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ gbọ́dọ̀ bá ìjọba wá òbí kejì. Owó ìtọ́jú tí onítọ̀hún bá san di ti ìjọba, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju iye ìrànlọ́wọ́ tí ìdílé náà gbà lọ. Ẹni tó bá kọ̀ láìnídìí, ó kéré tán, wọn á gé ìdá mẹ́rin owó rẹ̀ kan. Ìpínlẹ̀ mìíràn lè dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n bí òbí kejì bá jẹ́ aluni, òfin fàyè sílẹ̀. Kí ó tètè ṣàlàyé fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.