Kọ̀ǹpútà Tí A Fi Tipá Mú Sáré: Kí Ni Ká Ṣe Nígbà Tó Bá Ń Gbóná?

 

Láyé àtijọ́, inú ìwé ńlá ni a ń kọ gbèsè oníbàárà sí. Nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ní kọ̀ǹpútà nílé tí a ń kó ìṣirò ọjà sí: ẹni tó jẹ wá, iye tó jẹ, àti ọjà tó kù nílẹ̀. Tó bá di alẹ́, àwọn ọmọ ilé á tún jókòó ti kọ̀ǹpútà yìí kan náà, wọn á máa fi ṣeré géèmù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òní ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ á gbọ́ pé ọ̀nà kan wà tí èèyàn fi lè mú kọ̀ǹpútà sáré ju bó ti ń sáré lọ láì ná kọ́bọ̀. Á ṣe é. Kọ̀ǹpútà á sáré lóòótọ́. Kò ní pẹ́ tí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, tí á máa kú fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣírò owó lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní overclocking nìyẹn.

KÍ LÓ Ń MÚ UN GBÓNÁ?

Ṣíìpù kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti dá iye eré tí yóò máa sá fún un. Èyí tí wọ́n bá pè ní 4 GHz, ìgbà bílíọ̀nù 4 ni aago inú rẹ̀ ń lù láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó bá ṣe overclocking ti yí aago yẹn sókè. Bí ṣíìpù kò bá lè gbé e, á tún fi kún agbára iná tó ń wọ inú rẹ̀, ìyẹn voltage.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí eré bá ti ń lọ sókè ni ooru ń lọ sókè, ṣùgbọ́n ti voltage ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń kà á nínú ìṣirò ooru. Bí a bá gbé eré láti 4 GHz sí 4.5 GHz, tí a sì gbé voltage láti 1.2 sí 1.35, eré á fi 12.5 nínú 100 lé sí i. Ooru ńkọ́? Nǹkan bí 42 nínú 100 ni yóò fi lé sí i. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ta ló ń ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀?

Kì í kúkú ṣe irọ́ pé ó ti yẹ àwọn kan. Ní ọdún 1998, ilé iṣẹ́ Intel gbé ṣíìpù kan jáde tó ń jẹ́ Celeron 300A. Eré 300 MHz ni wọ́n dá fún un, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn yí i sí 450 MHz, ó sì ṣiṣẹ́. Òkìkí rẹ̀ kàn. Síbẹ̀, ìka ò dọ́gba. Ṣíìpù méjì tó jáde láti ilé iṣẹ́ kan náà lè má lè gbé ẹrù kan náà.

Ẹ tún fi ti ilẹ̀ wa kún un. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ni fáànù ń fẹ́ sí ṣíìpù. Bí yàrá bá gbóná dé ìwọ̀n 33 dípò 22, ṣíìpù náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìwọ̀n 11 yẹn gbóná sí i. Ohun tí ẹnì kan ṣe ní ìlú olótùútù kò ṣeé wò ṣe níbí, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku ń dí ojú fáànù.

ÀMÌ TÍ Ẹ Ó RÍ

Fáànù á máa pariwo. Kọ̀ǹpútà á kú lójijì, tàbí kí ojú rẹ̀ di búlúù kó sì tún ara rẹ̀ tàn. Nígbà mìíràn, ńṣe ni á máa wọ́. Ìdí ni pé bí ooru ọ̀pọ̀ ṣíìpù bá ti dé nǹkan bí ìwọ̀n 95 sí 100 lórí Celsius, wọn á dín eré kù fúnra wọn kí wọ́n má baà jóná. Ẹni tó ń wá eré wá di ẹni tó ń rá pálá. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Èyí tó burú jù kì í ní àmì. Ṣíìpù tí a ni lára lè ṣi ìṣirò ṣe láì pariwo, tàbí kó ba fáìlì jẹ́ nígbà tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ wo ẹni tó jẹ yín ni ẹ ó mọ̀ pé ìwé kò ṣí mọ́. Kọ̀ǹpútà ṣeé rà. Àkọsílẹ̀ gbèsè ọdún mẹ́ta, ọjà wo ni wọ́n ti ń tà á?

BÍ A ṢE Ń WÁ ÀÌSÀN RẸ̀

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Kí ẹ tó gbé owó fún ẹnikẹ́ni pé kó ra nǹkan tuntun wá, ẹ kọ́kọ́ ṣe báyìí.

Èkínní, ẹ dá eré rẹ̀ padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn, ẹ máa tẹ Delete tàbí F2 títí ojú ewé BIOS yóò fi jáde. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Load Defaults tàbí Load Optimized Defaults sí, kí ẹ sì fi pamọ́. Bí kò bá tilẹ̀ tàn mọ́, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ yọ bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bí owó ẹyọ, CR2032, fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kí ẹ tó dá a padà. Ẹ rántí tún ọjọ́ àti àkókò tò, kí déètì tó wà lórí rìsíìtì yín má baà ṣì.

Èkejì, ẹ ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín sórí fláàṣì. Ẹ má fi ẹ̀dà tuntun pa ti àtijọ́ rẹ́ o, nítorí ó lè jẹ́ èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà ló ti bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ lò ó bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí wàhálà bá tán, a ti mú olè nìyẹn, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀kẹrin, bó bá ṣì ń gbóná, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà, kí ẹ gbọn eruku inú rẹ̀ dànù. Ẹ di fáànù mú bí ẹ bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, kó má máa yí kọjá agbára rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá irin tó ń fa ooru kúrò lórí ṣíìpù jókòó dáadáa. Ìpara kan wà láàárín méjèèjì tí wọ́n ń pè ní thermal paste. Bó bá ti gbẹ, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà nù ún kúrò, kó sì fi tuntun sí i, tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ.

Ẹ̀karùn-ún, bí ara rẹ̀ bá tutù tó sì tún ń kú, kì í ṣe ooru mọ́. Ẹ fi MemTest86 yẹ mẹ́mórì rẹ̀ wò mọ́jú. Ẹ yẹ àpótí iná inú rẹ̀ náà wò. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń kú, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó kọjú sí.

BÍ Ẹ BÁ ṢÌ Ń FẸ́ ERÉ

Ìṣirò ọjà kì í sábà falẹ̀ nítorí ṣíìpù. Nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́, hard disk tó ń yí ló sábà máa ń fà á. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí SSD, tàbí kí ẹ fi kún mẹ́mórì bó bá kéré, ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Ọmọ tó bá ń fẹ́ ṣe overclocking, kó ṣe é lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní ìwé owó nínú. Kó máa gbé e díẹ̀díẹ̀, kó fi irú Prime95 dán an wò fún wákàtí púpọ̀, kó sì mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tó ṣe ṣíìpù lè kọ̀ láti pààrọ̀ rẹ̀ bó bá jóná.

Èyí tí ìwé gbèsè wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa rìn bí wọ́n ṣe dá a. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í ni ni lára. Ẹ bá wa sọ fún àwọn ọmọ ilé, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín lálẹ́ òní. Ire o.